Oko Àna ní Ẹ̀yìnkùlé Òyìnbó

Leeds, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, 1958

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú òjò. Ìyá mi ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n nígbà tí mò ń bọ̀, ṣé ó ti fi wọ́n sílẹ̀? Ẹ bá mi kí gbogbo ilé wa ní Ọ̀sí, ẹ sì kí àwọn alàgbà ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ara mi le. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n wà níbí báyìí, àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn wọn náà ń rọ òjò.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo fẹ́ fi ṣáájú. Mo ti yege ìdánwò mi. Ó yẹ kí n máa di ẹrù, kí n máa bọ̀ nílé bí a ti jọ ṣàdéhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pè mí, ó ní kí n dúró ní ọdún kan sí i, kí n kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ náà ni ear. Ẹ má rò pé etí ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni, tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí ń lò láyé àwọn baba ńlá wọn, ó túmọ̀ sí kí èèyàn tú ilẹ̀ fún gbígbìn. Wọ́n ti pa á tì tipẹ́. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́, inú ìwé àtijọ́ nìkan ló kù sí. Iṣẹ́ mi ni kí n wádìí ibi tó ti wá, gbogbo ohun tó ti jẹ́ rí, àti ohun tó pa á. Yunifásítì ni yóò máa bọ́ mi.

Ohun kan ló ń dùn mí. Mo ti ṣèlérí fún Bàbá Leah ní Ìlọ́fà pé èmi àti ẹgbẹ́ mi yóò wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna fún wọn kí ọdún yìí tó parí, pé a óò kọ ebè iṣu wọn kí n tó wá gbé ìyàwó mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gun kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní ọdún kan sí i. Mo fẹ́ràn Leah, mi ò sì fẹ́ pàdánù rẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà sí òun náà.

Ọmọ yín,
Bándélé

*

Ọ̀sí
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹjọ, 1958

Àjàní, ọmọ mi,

A rí lẹ́tà rẹ gbà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá rẹ jó nígbà tí mo kà á dé ibi ìdánwò, ó jókòó nígbà tí mo kà á dé ibi ọdún kan sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san, ìyẹn ló fi rí i jó.

Ní tèmi, mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo nu awò ojú mi, mo tún un kà. Ọ̀rọ̀ kan kú ní ilẹ̀ Òyìnbó, wọ́n ní kí ọmọ Olóyèdé ti Ọ̀sí wá ṣe òkú rẹ̀. Ṣé àwọn tó ni òkú kò sí nílé ni? Níbí, ẹbí olóògbé ló ń sin olóògbé. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn alàgbà bi mí pé kí lo tún dúró kà. Mo ní o ń kà nípa ilẹ̀ títú. Inú wọn dùn, wọ́n rò pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba lo fẹ́ wá ṣe. N kò tún un ṣe fún wọn, nítorí n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi tún un ṣe.

Síbẹ̀, mo wá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Ìwé ńlá Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn Òyìnbó àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí eku ti jẹ igun rẹ̀, mo ṣí i, mo sì bá a níbi tí Jósẹ́fù ti ń sọ̀rọ̀ ọdún ìyàn fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i níbẹ̀, mo sì máa ń fò ó kọjá. Bí o bá rí ibi tó ti wá, sọ fún mi. Mi ò ní kí o má sọ.

Ní ti Ìlọ́fà, mo lọ. Bàbá Leah gbà mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. O mọ Adégbóyè Ọmọ́tọ́ṣọ́, kì í jẹ́ kí àlejò sọ ohun tó bá wá kó tó jẹun. Lẹ́yìn iṣu sísun ló mú mi lọ sí oko. Ó ti ṣán ilẹ̀ kan lẹ́bàá odò, ó sun ún, ó sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ulẹ̀ ọmọ rẹ rè é, Elijah. Éè sí ẹni tí á fọwọ́ kàn án."

Wàhálà wà, n kò ní fi pamọ́ fún ọ. Wolé-wolé kan ti ń yí ilé náà ká, ọmọkùnrin oníkákí tó ń yẹ ìkòkò omi wò fún ìjọba. Ìkòkò Leah ló mọ́ jù ní Ìlọ́fà, òun náà ló sì ń yẹ̀ wò jù. Ó ti sọ fún Bàbá Leah pé òun yóò gba àwọn alágbàṣe kí wọ́n kọ gbogbo oko náà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bàbá Leah ní ọ̀wẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ owó, èèyàn ni òun fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ó tún ní ilẹ̀ tí a ṣán tí a kò kọ, koríko ló ń gbà á. Òun yóò dúró dè ọ́ títí iṣu tuntun ọdún tó ń bọ̀ yóò fi jáde. Bí kò bá rí ọ nígbà náà, ẹni tó bá rí lòun yóò fún lọ́mọ. Leah dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tó ń sọ ọ́, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bàbá rẹ,
Elijah Olóyèdé

*

Leeds
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹsàn-án, 1958

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú wàhálà mi. Ẹ kú ìrìn Ìlọ́fà, mo mọ̀ pé òkè ọ̀nà yẹn kò fẹ́ràn kẹ̀kẹ́. Mo gbọ́ ìbáwí yín, mo sì gbà á.

Àmọ́ òkú tí mò ń ṣe yìí ní ẹbí ju bí a ti rò lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò dá wá sáyé. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, àwọn Gíríìkì ní òmíràn, àwọn ará Norway ní tiwọn. Ọmọ Ireland kan tí a jọ ń gbé ilé gbọ́ bí mo ti ń kà á lókè, ó wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní ní èdè ilé àwọn, ẹnì kan nínú ìdílé ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà láàyè, pé ìyá òun àgbà ń lò ó bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ilẹ̀ ti di títú. Inú mi dùn bí ẹni tó bá èèyàn rẹ̀ pàdé nínú ọjà àjèjì.

Mo sọ fún yín pé n óò wádìí ohun tó pa á. Irinṣẹ́ ló pa á. Orúkọ tí wọ́n ń pe irin tí màlúù ń fà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, títí ọ̀rọ̀ àgbà yẹn kò fi rí ibi jókòó mọ́. Àfi bí ìgbà tí àwa náà kò bá ní à ń roko mọ́, tí a wá ń fi orúkọ ọkọ́ pe iṣẹ́ náà, pé à ń ọkọ́ oko. Kó tó kú, àwọn akéwì wọn tún máa ń lò ó fún ọkọ̀ ojú omi, pé ó ń tú òkun bí àgbẹ̀ ti ń tú ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wolé-wolé yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo mọ̀ pé Leah kò ní fojú sí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò ní kọ̀ sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu bákan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Táyé àti àwọn ẹgbẹ́ mi kí wọ́n lọ kọ ebè náà fún mi. Bí wọn kò bá lọ, ẹ bá mi wá ọgbọ́n kan dá. Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe ni mo fara mọ́.

Kí ìyá mi jọ̀ọ́ fi ata gígún ránṣẹ́. Oúnjẹ ibí kò mọ̀ pé òun wà lẹ́nu èèyàn.

Ọmọ yín,
Bándélé

*

Ọ̀sí
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kọkànlá, 1958

Àjàní,

O ní ohunkóhun tí mo bá ṣe ni o fara mọ́. Lẹ́tà rẹ wà níwájú mi, ìka òsì mi sì wà lórí ibi tí o kọ ọ́ sí bí mo ti ń kọ èyí.

Mo bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Táyé fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn, ó ní àwọn kì í bá ọkọ ìyàwó tí kò sí nílé kọ ebè. Bí a bá ṣe tirẹ̀ lónìí, ó ní, lọ́jọ́ tí ó bá kan àwa, ta ni yóò wá san án fún wa? Àáró kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ni mo bá dá ọgbọ́n tí o ní kí n dá. Mo rò ó pé bí ilẹ̀ yẹn bá ti ní ebè díẹ̀ nínú, ọkàn wolé-wolé yóò wálẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo so ọkọ́ mi mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo jí lọ sí Ìlọ́fà. Mo ní n óò kọ ìlà kan tàbí méjì, n óò sì yọ́ padà kí ẹnikẹ́ni tó rí mi. Bándélé, ọwọ́ mi kò tíì gbàgbé iṣẹ́. Ebè náà tò lọ gbọọrọ, ó dúró bí ọmọ ilé ìwé. Mo ti ń dá orin kọ fún ara mi. N kò mọ̀ pé àkókò tí àwọn ìyàwó ilé Ọmọ́tọ́ṣọ́ ń wá pọnmi nìyẹn.

O mọ àṣà wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ọkọ́ lé oko ọ̀wẹ̀ àna, òun ni ọkọ, òun ni wọ́n ń kọrin fún, òun ni wọ́n ń gún iyán fún. Bí wọ́n ti rí mi, wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ọkọ ìyàwó dé, irun rẹ̀ ti funfun tán ó ṣì ń kọ ebè. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, wọ́n tún gbé orin náà sókè. Kò pẹ́ tí iyán fi dé pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Ebi ń pa mí, mo jẹ ẹ́. Jíjẹ tí mo jẹ ẹ́ yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bàbá Leah bá wa níbẹ̀, ó wo ebè, ó wo àwo, ó ní, "Elijah, uyán ọkọ ìyàwó lo jẹ un. Ṣé ìwọ lo fẹ́ fẹ́ Leah ni, àbí ọmọ rẹ?" Leah gan-an ló bu omi ìfọwọ́ fún mi. Ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè di igbá mú, ẹsẹ̀ mi ló da omi náà sí.

Kí n tó dé Ọ̀sí, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi dé. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, àfi èyí tó ní kí n kọ sí ọ. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́:

"Bándélé, èmi Àbẹ̀bí ìyá rẹ ni. Bàbá rẹ ló ń kọ̀wé, n kò sì mọ̀ bóyá ohun tí mò ń sọ ló ń kọ. Nígbà tó fẹ́ fẹ́ mi, ebè tó kọ fún bàbá mi, àwọn àbúrò mi ló tún un kọ lẹ́yìn rẹ̀. Ti Leah ni wọ́n ní ó tò gbọọrọ. Wá sílé wá gbé ìyàwó rẹ kí bàbá rẹ tó gbé e."

Ó parí síbẹ̀. Bàbá Leah ní òun kò ka ebè mi mọ́ ebè ọ̀wẹ̀, pé kókò ni òun yóò gbìn sí i. Ìwọ fúnra rẹ ni òun fẹ́ rí kí iṣu tuntun tó jáde. Àwọn ará Ìlọ́fà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yẹn bí ọmọ inú mi, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ọwọ́ mi ni mo fi ba ọ̀rọ̀ rẹ jẹ́.

Bàbá rẹ,
Elijah

*

Ọ̀sí
Ọjọ́ ogún, oṣù Kìn-ín-ní, 1959

Bándélé,

A kò gbúròó rẹ. Kérésì lọ, ọdún tuntun wọlé, a kò rí ìwé. Ata gígún tí ìyá rẹ fi ránṣẹ́, ṣé ó dé?

Bí inú bá ń bí ọ sí mi, kọ ọ́ ránṣẹ́. Mo ti gbó tó láti ka ìbínú ọmọ mi. Dídákẹ́ yìí ni n kò mọ bí mo ṣe lè kà á. Ìyá rẹ ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Àwa méjèèjì la jọ ń ṣọ́ ọ̀nà tí akówèé ń gbà wá, bẹ́ẹ̀ ni ìjà wa ṣe parí láìsí onílàjà.

Wolé-wolé ti ra alùpùpù. Leah ní eruku rẹ̀ pọ̀ jù, òun kò gùn ún. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti gùn ún lẹ́ẹ̀kan dé oko.

Bàbá rẹ

*

Leeds
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì, 1959

Bàbá mi, Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ dárí jì mí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni mo ti wà ní ìlú mìíràn tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ sí, yìnyín sì dí ọ̀nà. Lẹ́tà yín méjèèjì àti ata ló ń dúró dè mí nígbà tí mo padà dé Leeds.

Inú kò bí mi rárá. Mo ka ti ebè náà, mo rẹ́rìn-ín títí obìnrin tó ni ilé fi wá wò bóyá ara mi yá. Nígbà tí mo dé ìparí rẹ̀, mo sunkún. Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìlọ́fà nítorí mi, ẹ̀yin ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ tún ń bẹ̀rù pé mo bínú. Bí mo bá bínú, ta ni n óò tún máa pè ní bàbá?

Ohun tí mo rí níbi ìwé àtijọ́ wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín. Láyé ìgbà tí ọ̀rọ̀ mi ṣì wà láàyè, àwọn àgbẹ̀ ìlú máa ń tú ilẹ̀ fún ọ̀gá tó ni ilẹ̀ wọn. Èyí tó jẹ́ ọ̀ranyàn wà. Èyí tí ọ̀gá náà ń bẹ̀ wọ́n sí sì wà. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ tó jáde lára ọ̀rọ̀ mi, wọ́n so ó mọ́ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àdúrà tàbí ẹ̀bẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń pe iṣẹ́ náà ni ìtúlẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí màlúù rẹ̀ kò tó fa irin, a so tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti aládùúgbò. Ẹni tó bẹ̀ wọ́n ló ń bọ́ wọn, yóò fún wọn ní búrẹ́dì àti ẹran àti ọtí. Mo kà á dé ibẹ̀, mo dìde lórí àga, gbogbo àwọn tó ń kàwé wò mí. Kí ni èyí bí kò ṣe ọ̀wẹ̀? Ìlọ́fà ni mo rí nínú ìwé tí wọ́n kọ sórí awọ ẹran.

Iṣẹ́ ìwé mi ti gùn ju ọdún kan lọ, mi ò sì ní lè dé kí iṣu tuntun tó jáde. Ṣùgbọ́n mo tún rí i níbẹ̀ pé ẹni tí kò bá ráàyè wá, a máa rán ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí sí Bàbá Leah létí, kí ẹ bi wọ́n bóyá èmi náà lè rán ẹnì kan. Ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yin.

Ọmọ yín,
Bándélé

*

Ọ̀sí
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹrin, 1959

Àjàní, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ wò mí sàn. Ìyá rẹ ní kí n má fi hàn ọ́ pé òun náà sunkún, mo sì ti kọ ọ́ báyìí.

Mo gbé e lọ sí Ìlọ́fà. Bàbá Leah ní kí n kà á, ó ní kí n tún un kà, ó wá ránṣẹ́ pe àwọn àbúrò rẹ̀ kí n kà á fún àwọn náà. Ibi tí ọ̀gá onílẹ̀ ti ń bẹ àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ ló dùn mọ́ wọn jù. Bàbá Leah ní, "Mo ti rò ó pé àṣẹ nìkan ni Òyìnbó mọ̀ í pa. Tó bá ti mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀ rí, èèyàn ni."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó dájọ́. Ó ní rírán ẹlòmíràn kò ṣeé ṣe. Ọ̀gá inú ìwé rẹ, iṣẹ́ lásán ló ń gbà lọ́wọ́ wọn, kò fi ọmọ fún wọn. Kì í ṣe torí ebè ni a ṣe ń ṣe ọ̀wẹ̀ àna. Ó fẹ́ jókòó lábẹ́ igi kó wo ọkùnrin náà, bó ṣe ń ṣe bí ó bá rẹ̀ ẹ́, bó ṣe ń bínú, irú èèyàn tó ń bá a wá bí ó bá bẹ̀ wọ́n. Èyí kò ṣeé rán èèyàn. Mo gbọ́ ọ, ojú tì mí, nítorí òótọ́ ni.

Mo ti fẹ́ dìde nígbà tó ní kí n jókòó, òun kò tíì parí. Ó ní òun kò sọ pé oko náà gbọ́dọ̀ wà ní Ìlọ́fà. Kí o kọ ebè fún òun níbi tí o wà. Kí o bẹ èèyàn, o kò gbọdọ̀ sanwó fún wọn. Kí o bọ́ wọn yó. Kí o fi erùpẹ̀ ibẹ̀ ránṣẹ́ kí òun wò ó, kí o sì sọ bí gbogbo rẹ̀ ti lọ láìfi nǹkan kan pamọ́. Ohun tó bá hù níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọ ẹnu òun. Mo ní báwo ni ohun tó hù ní Leeds yóò ṣe wọ ẹnu rẹ ní Ìlọ́fà? Ó ní ìyẹn kù sọ́wọ́ òun.

Ọjọ́ iṣu tuntun kò yẹ̀ o. Wolé-wolé jókòó sí ìta ní gbogbo àsìkò tí à ń sọ̀rọ̀, ó ń nu alùpùpù. Yára.

Bàbá rẹ,
Elijah

*

Leeds
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹfà, 1959

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìdúró. Iṣẹ́ ti parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìyókù yìí ní Ìlọ́fà.

Ilẹ̀ kan wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé tí mò ń gbé, koríko àti agolo ló kún ibẹ̀. Mo bẹ obìnrin tó ni ilé pé kó yá mi. Opó ni, kì í tètè gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mo fẹ́ kọ ebè fún bàbá ìyàwó mi tó wà ní Áfíríkà. Ó wò mí títí, ó ní, "Ó mọ̀ pé o ń ṣe é?" Mo ní òun ló ní kí n ṣe é. Ó ní kò burú, ọkùnrin náà gbọ́n ju bàbá tòun lọ.

Mo bẹ ọmọ Ireland yẹn, mo sì bẹ ọ̀jọ̀gbọ́n mi. Mo rò pé ọ̀jọ̀gbọ́n yóò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ọgbà, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹni tó pe òun wá ṣe é rí. Bó ṣe ń fi ṣọ́bìrì gún ilẹ̀ ló ń pe ọ̀rọ̀ náà sókè. Ọmọ Ireland ń dá a lóhùn pẹ̀lú ti ìyá rẹ̀ àgbà, èmi náà ń pè é ní ebè. Ebè ilé wa ni mo kọ, kì í ṣe ìlà pẹlẹbẹ tiwọn. Aládùúgbò kan yọrí lójú ọgbà, ó bi wá bóyá a ti fi tó ọlọ́pàá létí, nítorí ó jọ ibojì lójú rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ìdí rẹ̀, ó lọ mú ṣọ́bìrì tirẹ̀ wá. Èyí ni èèyàn tó bá mi ṣe é. Mi ò san kọ́bọ̀.

Bàbá Leah ní kí n má fi nǹkan pamọ́. Ó rẹ̀ mí. Ọwọ́ mi bó, ọwọ́ ìwé ni. Mo sì bínú lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí òjò dé tí ebè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ya lulẹ̀. Mo sọ ṣọ́bìrì nù, mo wọlé lọ, mo jókòó. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn yòókù ń tún un kọ nínú òjò láìpè mí, ojú tì mí, mo padà jáde. Bó ṣe rí nìyẹn.

Mo se ìrẹsì, mo fi ata ìyá mi se ọbẹ̀. Gbogbo wọn sunkún, wọ́n sì tún bu òmíràn. Ọ̀dùnkún Òyìnbó ni a gbìn, nítorí iṣu kò lè hù nínú òtútù yìí. Ó ti ń yọ ewé. Obìnrin tó ni ilé bi mí orúkọ ìyàwó mi. Mo sọ ọ́ fún un, ó ní yàrá ńlá òkè kò sí ẹni nínú rẹ̀.

Erùpẹ̀ náà wà nínú bébà tí mo ká sínú lẹ́tà yìí. Ẹ sọ fún wọn pé mo mọ̀ pé kò jọ ti ẹ̀bá odò. Ẹ sọ fún Leah pé orúkọ rẹ̀ ni mò ń pè ní gbogbo àsìkò tí àwọn yòókù ń pe ọ̀rọ̀ ìṣe.

Ọmọ yín,
Bándélé

*

Ọ̀sí
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ, 1959

Àjàní, ọmọ mi, ọkọ Leah,

O rí bí mo ti pè ọ́. Jókòó kí o gbọ́ bó ṣe dé ibẹ̀.

Lẹ́tà rẹ bá mi ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń wa iṣu tuntun, n kò sì dúró mu omi. Bàbá Leah kọ́kọ́ gba erùpẹ̀. Ó fi ọwọ́ rà á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi díẹ̀ sí ahọ́n. Ó ní, "Ulẹ̀ tútù. Éè ní okun. Sọ fún un kó fi eérú sí i." Ó wá ní kí n máa kà. Ó bi mí nípa aládùúgbò tó mú ṣọ́bìrì wá, ó ní ẹni yẹn ni kí o má jẹ́ kó lọ láyé rẹ. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti sọ ṣọ́bìrì nù, mo fẹ́ fò ó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára mi, mo kà á. Ó ní kí n tún ibẹ̀ kà, pàápàá ibi tí o ti padà jáde. Lẹ́yìn náà ló bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Mo ti rí i. Ọmọ mi ti lọ́kọ."

Wolé-wolé gbọ́ ọ níta. N kò ní tàn ọ́, ó ṣe mí láàánú. Wọ́n ní ó ti ń yẹ ìkòkò wò ní Ìdọ̀fin báyìí, Ọlọ́run yóò fún un ní tirẹ̀.

A ṣe ìgbéyàwó náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fọ́tò rẹ la gbé sórí àga ọkọ ìyàwó, Táyé sì dúró tì í. Èmi náà fẹ́ jókòó nítòsí rẹ̀, àwọn obìnrin Ìlọ́fà lé mi dìde, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ àṣìṣe mọ́. Ìyá rẹ ló rẹ́rìn-ín jù.

Ilẹ̀ ẹ̀bá odò yẹn, Bàbá Leah ti kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kókò ti hù lórí ìlà tèmi. Ó fi ìlà kan sílẹ̀ ní ìkángun láìkọ, ó ní tìrẹ ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ìwọ yóò fi dé.

Mo bi í nípa ohun tó ní ó gbọ́dọ̀ wọ ẹnu òun. Mo ní ọ̀dùnkún kò ṣeé fi sí lẹ́tà. Ó na ọwọ́ sí Leah tó ń di ẹrù rẹ̀ nínú yàrá, ó ní, "Ẹnu mi rè é. Òun ni á lọ jẹ ẹ́ fún mi." Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yanjú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, n kò sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti wà láti oṣù Kẹrin.

Èmi àti bàbá rẹ̀ la sìn ín dé èbúté ní Èkó. Kò sunkún títí ó fi gorí ọkọ̀, àwa tó sìn ín la sunkún. Ọkọ́ kan wà nínú àpótí rẹ̀, bàbá rẹ̀ ní ṣọ́bìrì kì í ṣe ohun tí ọmọ èèyàn fi ń kọ ebè. Bí o ti ń ka èyí, ó ti wà lójú omi, ọkọ̀ náà ń tú òkun bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ bí àwọn akéwì ìgbà náà ti ń wí. Sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ pé a rí ẹni tó ń lo ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́.

Má jẹ ọ̀dùnkún yẹn tán kí ó tó dé.

Bàbá rẹ,
Elijah Olóyèdé